Ewúrẹ́-pẹ́pẹ́yẹ Tó Ń Rìn Bíi Bàbá Rẹ

Ọmọ mi, ọmọ tí mo bí tí inú mi dùn,

Mo kí ọ, mo kí ọ ní àkíìkítán. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jí ire? Ṣé oúnjẹ ń dúró sí ọ lára? Ṣé yàrá tí o gbà yẹn ti ṣíwọ́ àti máa jò? Ọlọ́run tó ṣọ́ àlọ rẹ ni yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. O ò ní rí ìjà aládùúgbò, o ò ní rí ìjà onílé. Iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí, iwájú ni wàá máa lọ. Tí o bá sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n á gbọ́, tí o bá dákẹ́, wọ́n á bi ọ́ pé kí ló dé. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ, torí mo mọ̀ ọ́, o máa ń fo àdúrà kọjá láti lọ wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Àwa náà wà níbí. Mi ò ní sọ pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe wá, irọ́ ni màá pa, àmọ́ ohun tó ń ṣe wá ò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ sunkún. Ilẹ̀kùn ààrò búrẹ́dì tó máa ń já bọ́ nígbà tí o wà nílé, ajórin ti bá wa jó o mọ́ra, ó ti ń tì dáadáa, àfi pé ó ń dún bí ẹni tó ń ráhùn. Ológbò wa bímọ sínú àpò ìyẹ̀fun kan tó ti ń tán lọ, gbogbo ọmọ náà ló funfun, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá bí wọ́n ṣe wá sáyé nìyẹn àbí ìyẹ̀fun ni. Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti ra fóònù tó fẹ̀ bí páànù tí mo fi ń yan búrẹ́dì, gbogbo ohun tó bá sì ti rí nínú ẹ̀ ló máa ń gbé wá hàn mí, ì báà jẹ́ ìgbà tí mo ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìyẹ̀fun. Òun gan-an ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, màá dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó gbàgbé, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará bánkì. Wọ́n kọ̀wé sórí fóònù mi ní ọjọ́ ìbí mi, wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n ní kí ẹ̀mí mi gùn. Èmi àti wọn ò jọ jẹun rí. Mo ní ẹni tó bá ń ṣàdúrà fún ọ tí kò mọ̀ ọ́, èèyàn gidi ni, mo bá yan búrẹ́dì kan tó rọ̀, mo fi aṣọ funfun bò ó, mo gbé e lọ síbẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì bi mí pé ṣé mo fẹ́ fi owó pamọ́ ni àbí mo fẹ́ gbà á. Mo ní rárá o, ìdúpẹ́ ni mo bá wá. Ó ní ta ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní ẹni tó kọ̀wé sí mi. Wọ́n wá a títí, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́. Mo ní kò burú, ṣé kọ̀ǹpútà náà ń jẹ búrẹ́dì? Ọmọbìnrin náà wo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ wo búrẹ́dì, ó ní òun á bá a gbà á. Mo ṣì ń retí kí wọ́n dá aṣọ mi padà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìgboro, gbogbo nǹkan yìí yé yín. Èmi ni mi ò mọ èwo ni mo dì mú nínú ẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ bàbá rẹ. O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti já bọ́ lórí òrùlé ilé búrẹ́dì, níbi tó ti ń pààrọ̀ páànù tó jò, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ò bọ̀ sípò mọ́. O ti lọ nígbà náà, orí fóònù lo ti ń rí i, ìjókòó ló sì máa ń wà nígbà tí o bá pè, àfi ìgbà kan ṣoṣo tó rìn kọjá lẹ́yìn mi tí kò mọ̀ pé ò ń wò ó, torí náà bóyá o ò mọ bó ṣe le tó. Kò dùn ún tó bó ṣe ń dùn ún tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìrìn rẹ̀ ti yí padà. Tó bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ òsì yẹn, á kọ́kọ́ fi yí ilẹ̀ bí ẹni ń fi ọkọ́ ro igun ọgbà, á wá fi ọwọ́ di ìbàdí mú. Tó bá wá rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, kò ní sọ pé ó rẹ òun. Á dúró, á gbójú sókè, á máa wo igi tàbí òrùlé ẹlòmíì bí ẹni tó ń ronú àtirà á. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Bàbá rẹ ṣubú, ó wo ẹ̀yìn, kò sì gbójú kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹni tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná, tí gbogbo èèyàn ń gbọ́ agogo rẹ̀ kí wọ́n tó rí i, inú yàrá tí à ń kó ìyẹ̀fun sí ló wá ń jókòó láti àárọ̀. Ó ń fi òróró pa páànù. Àwọn páànù náà ti ń dán ju dígí lọ. Tí oníbàárà bá wọlé láti iwájú, kò ní dìde títí ẹni náà á fi lọ, kí wọ́n má bàa rí i bó ṣe ń rìn. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa wo òun bí ẹni ń wo ìran. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Agẹrun tó wà lódìkejì ọ̀nà, tó máa ń gẹ irun fún un láti ìgbà tí irun náà ṣì dúdú, bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun. Bàbá rẹ ní kó máa gbé abẹ wá sílé, agẹrun kọ̀. Irun rẹ̀ kún títí ó dà bí ti wòlíì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí o pè wá pé o ti ríṣẹ́ gidi. O rántí ọjọ́ náà. O ní, Mọ́mì, mo ti wà nínú fíìmù. Mo hó, mo sọ ìyẹ̀fun sókè, mo ní kí lo ṣe nínú ẹ̀, ṣé ìyàwó ọba ni. O ní rárá o, ìwọ ni Ewúrẹ́-pẹ́pẹ́yẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin, pé orí rẹ jẹ́ ti ewúrẹ́, láti ọrùn lọ sísàlẹ̀ jẹ́ ti pẹ́pẹ́yẹ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já.

Ọmọ mi, ṣé irú ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ fún abiyamọ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já nìyẹn? Mo jókòó sórí àpò. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ wa ti di ewúrẹ́ àti pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní báwo ló ṣe fẹ́ máa ṣe tí òjò bá ń rọ̀, torí ewúrẹ́ kì í fẹ́ òjò, pẹ́pẹ́yẹ sì fẹ́ràn ẹ̀. Mo ní mi ò tíì bi ọ́. Ó ní ó yẹ kí n bi ọ́. Ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó jẹun dáadáa nínú àwa méjèèjì.

Mo mú ọ̀rọ̀ náà tọ Tíṣà Àgbà lọ, tó kọ́ ọ ní ìwé nígbà tí o wà ní kékeré, torí mo mọ̀ pé wọ́n á lè là á yé mi. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nu ún, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kàtúùnù ni, pé àwòrán lásán ni wọ́n yà, tí wọ́n to ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan tí wọ́n sì ń ṣí i yára yára tó fi dà bíi pé ó ń rìn. Wọ́n ní ìwọ wà lára àwọn tó ń yà á, ìwọ náà lo sì fún un ní ohùn. Mo ní tí ó bá ti wá fún un ní ohùn, èwo ló máa fi bá èmi sọ̀rọ̀? Wọ́n ní ohùn náà ṣì wà lọ́rùn ọmọ yín. Mo ní ṣé wọ́n jọ ń lò ó ni? Wọ́n tún awò náà nù. Mo bi wọ́n pé tí wọ́n bá pa fóònù, níbo ni ẹran náà ń sùn? Wọ́n ní kì í sùn, pé kò sí níbì kankan. Ìyẹn gan-an ló wá dẹ́rù bà mí jù.

Nígbà tí mo mú bàbá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn fún ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ro pé mo ti mọ̀ ọ́n sọ. Nọ́ọ̀sì ń béèrè ọ̀rọ̀, ó ń kọ ọ́ sínú káàdì, ó dé orí ẹni tó lè dúró fún wa tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo dárúkọ rẹ. Ó ní kí ni iṣẹ́ ẹ̀. Mo ní Ewúrẹ́-pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní, à, ó ń sin ẹran àti adìyẹ. Mo ní rárá, kì í sìn wọ́n, òun gan-an ni. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ewúrẹ́ tàbí pẹ́pẹ́yẹ? Mo ní méjèèjì, lápá kan lápá kan, ṣùgbọ́n kò sí níbì kankan, kì í sì í sùn. Bàbá rẹ ní òótọ́ ni. Ọmọ mi, ẹsẹ̀ bàbá rẹ la bá lọ, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fún. Nọ́ọ̀sì yẹn bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé mo máa ń rí oorun sùn, ó sì di ọwọ́ mi mú títí a fi dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn èyí ni aránṣọ gbé fóònù gbàgàdà yẹn wá tó ní òun ti rí fíìmù náà, pé méjì ló ti jáde nínú ẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ìkẹta lọ́wọ́. Ó ní ojú fóònù kéré fún irú ọ̀rọ̀ yìí, ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù agẹrun, torí tẹlifíṣọ̀n ńlá wà níbẹ̀, agẹrun sì mọ bí wọ́n ṣe ń so ó pọ̀ mọ́ fóònù. Bàbá rẹ ní òun ò lọ. Èmi àti aránṣọ lọ. Ẹni tí wọ́n gẹ irun rẹ̀ dé ìdajì dìde kúrò lórí àga fún mi nígbà tó gbọ́ pé ọmọ mi ló wà nínú fíìmù náà.

Mo wo fíìmù àkọ́kọ́ yẹn, orí mi sì dàrú. Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn? Mo rí èyí tó jẹ́ orí ológbò, tó ní ìrù ẹja, tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Mo ń wò ó, mo ní ọjọ́ tí ebi bá wá pa eléyìí gan-an, kí ló máa ṣe? Mo rí àkùkọ tó gbé igbá ìjàpá sẹ́yìn, tó yẹ kó máa jí àwọn ará ìlú, kó tó yọ orí jáde, oòrùn ti wà ní àárín ọ̀run. Mo rí ẹṣin tó ní ìkarahun ìgbín, wọ́n ní òun ló ń pín lẹ́tà. Mo sọ fún aránṣọ pé bóyá òun ni wọ́n ń kó lẹ́tà èmi àti ọmọ mi fún. Agẹrun rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ìwọ ni mo wá ń retí. Ọba lọ sógun, ó bọ̀, ọmọ ọba sọnù, wọ́n rí i, òkè ńlá kan la ẹnu sọ̀rọ̀, mi ò rí ọ. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ni ẹnu ọ̀nà ṣí, Ewúrẹ́-pẹ́pẹ́yẹ yọ orí, ó ní, ẹ nu ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó tán. Mo mọ ohùn náà lójú ẹsẹ̀. Ohùn tí o fi máa ń pè mí nígbà tí o wà ní kékeré pé ìyẹ̀fun ti wú ni. Omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n mo tún bínú, torí gbogbo ìwé tí o kà, ṣé gbólóhùn kan péré ni wọ́n rí fún ọ sọ? Òkè tí kò lọ sí ilé ìwé rí sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ gbẹ. Agẹrun ní kí n má bínú, pé báyìí ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀, pé òun náà, irun imú ló kọ́kọ́ ń gé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bà mí nínú jẹ́ ni fíìmù kejì. Nínú ìyẹn, Ewúrẹ́-pẹ́pẹ́yẹ jáde síta. Ó rìn. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ báyìí, ó fi yí ilẹ̀, ó fi ìyẹ́ kan di ìbàdí mú. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó gbójú sókè, ó ń wo òrùlé ààfin bí ẹni tó fẹ́ rà á. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tí agẹrun fi ní, ẹ gbọ́ o, ṣé eléyìí ò rìn bíi Bàbá Oníbúrẹ́dì? Ẹ̀rín náà wá kú. Wọ́n ń wò mí. Mo dìde, mo ní búrẹ́dì wà nínú ààrò. Kò sí búrẹ́dì kankan nínú ààrò.

Ọmọ mi, màá sọ òótọ́ fún ọ, mo bínú sí ọ. Mo ní ọkùnrin tó ń sá pamọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ìrìn òun, ọmọ rẹ̀ ló wá mú ìrìn náà, ó fi wọ ẹran, ó fi han gbogbo ayé. Mo tún ro ó pé bóyá ìwọ kọ́, bóyá ọ̀gá yín ni, bóyá pẹ́pẹ́yẹ gbogbo ló ń rìn bẹ́ẹ̀. Mo lọ dúró ti pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò wa, mo ń wo ìrìn rẹ̀ títí oní-nǹkan fi bi mí pé ṣé mo fẹ́ rà á ni. Kò rìn bẹ́ẹ̀.

Mo ní mi ò ní jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Aránṣọ wá ra búrẹ́dì, ó bá bàbá rẹ níbi tó ti ń pa páànù, ó ní, Bàbá, ẹ mà wà nínú fíìmù. Bàbá rẹ bi í pé báwo. Ó sọ fún un látòkè délẹ̀. Mo wà níwájú ààrò, mo ń gbọ́, mi ò lè yíjú padà. Nígbà tí aránṣọ lọ, bàbá rẹ tún mú páànù náà. Lọ́jọ́ kejì, ó pa páànù kan ṣoṣo láti àárọ̀ di ọ̀sán. Oúnjẹ tí mo gbé kalẹ̀, ó ní òun ti yó. Mo ní tí ọmọ yìí bá pè báyìí, kí ni màá sọ fún un?

Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, tí gbogbo èèyàn wà níta, mo rí i tó wọ ẹ̀wù rẹ̀ tó fi ń jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ṣé agẹrun wà ní ṣọ́ọ̀bù? Mo ní ó wà. Ó ní òun fẹ́ lọ rí ara òun. Mo ní kó dúró kí oníbàárà dín kù. Ó ti gbé ẹsẹ̀.

Ọ̀nà tó wà láàárín ilé wa àti ṣọ́ọ̀bù agẹrun, o mọ̀ ọ́n, ọmọ tó ń rá lè kọjá ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé òdìkejì. Ó dúró láàárín, ó wo òrùlé aránṣọ. Ẹni tó gun alùpùpù dúró dè é, kò fọn fèrè. Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ìyẹ̀fun wà lápá mi dé ìgbọ̀nwọ́. Agẹrun ò mọ ohun tó máa ṣe, ó fi aṣọ nu àga tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ jókòó, ó ní kí wọ́n gbé e jáde kí òun rí i.

Wọ́n ní ẹni à ń wò kì í wòran. Ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ jókòó, ó ń wòran ara rẹ̀. Ewúrẹ́-pẹ́pẹ́yẹ jáde, ó rìn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gẹ irun ṣe ń kùn lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó rántí pa á. Ìgbà yẹn ni mo wá rí ìyókù tí mi ò dúró wò lọ́jọ́sí, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ga, tí wọ́n ní orí ìkookò, sọ fún Ewúrẹ́-pẹ́pẹ́yẹ pé àlejò pàtàkì ń bọ̀, kó bọ́ sẹ́yìn kí wọ́n má bàa rí i. Ó ní, ẹnu ọ̀nà yìí ni iṣẹ́ mi. Ó ní òun á rọra rìn dé ibẹ̀, kí wọ́n dúró de òun. Àwọn àlejò sì dúró. Ọba náà dúró. Ó rìn títí ó fi dé ìdí ilẹ̀kùn, ó ṣí i fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n nu ẹsẹ̀ wọn.

Bàbá rẹ ní kí wọ́n dá a padà. Wọ́n dá a padà. Ó tẹ̀ síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan tẹlifíṣọ̀n. Ó tún ní kí wọ́n dá a padà. Mo ti ń gbàdúrà nínú mi. Ó wá fara ti àga, ó ní ọmọ yìí ò wo òun dáadáa. Ó ní ẹsẹ̀ òsì ló ń dun òun, ọ̀tún ló fi sí.

Agẹrun ní àbí? Wọ́n tún un wò, òótọ́ ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Aránṣọ ní òsì ni. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń gẹ irun fún ní ó sinmi lórí ibi tí èèyàn bá dúró sí. Bàbá rẹ ní kí wọ́n dákẹ́, kí òun fi hàn wọ́n. Ó dìde, ọmọ mi, lójú gbogbo wọn, ó rìn láti ìdí dígí dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ní ṣé wọ́n rí i, òsì ló ń yí ilẹ̀, ọwọ́ òsì ló sì wà ní ìbàdí. Ó rìn padà. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró ń wò láti ojú fèrèsé. Ó ní kí wọ́n wọlé tí wọ́n bá fẹ́ rí i dáadáa. Ó wá fi ibi tó ti ń dúró hàn wọ́n, ó ní Ewúrẹ́-pẹ́pẹ́yẹ yára gbójú sílẹ̀ jù, pé tó bá jẹ́ òun ni, òun á wo òrùlé yẹn pẹ́ títí ẹsẹ̀ á fi balẹ̀. Agẹrun kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ wò ó, òun náà wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí òrùlé ti sọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n gẹ irun rẹ̀ níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn tó wà ní àdúgbò wa. Kò tíì lè gun kẹ̀kẹ́, ó ń tì í ni, búrẹ́dì wà lẹ́yìn ẹ̀. Búrẹ́dì kì í gbóná mọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbẹ̀yìn. Tí wọ́n bá ráhùn, á ní kí wọ́n dúró de òun.

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí, ìdí tí mo sì fi ń kọ̀wé nìyí, torí mi ò fẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún já láàárín ọ̀rọ̀. Ṣé o fi bàbá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ ni àbí o fi kí i? Tó bá jẹ́ yẹ̀yẹ́ ni, màá bínú, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bínú sí ohun tó mú un dìde. Tó bá jẹ́ ìkíni ni, kí ló dé tí o ò sọ fún wa tẹ́lẹ̀? Mo sọ fún Tíṣà Àgbà, wọ́n ní ó lè jẹ́ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ wọn tún da orí mi rú. Bàbá rẹ ní kò kan òun, kí o ṣáà tún ẹsẹ̀ náà ṣe nínú ìkẹta. Mo ní bóyá fóònù ló yí òsì rẹ̀ padà sí ọ̀tún lójú ọ̀nà nígbà tí o ń wò ó láti ibẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́, ṣàyẹ̀wò èmi náà, kí n mọ̀ bóyá ọ̀tún mi ṣì wà lọ́tùn-ún.

Àti pé, tí wọ́n bá ń wá ẹlòmíì tí wọ́n máa fi sínú fíìmù náà, mi ò sọ pé kí wọ́n fi èmi sí i o. Àmọ́ tí wọ́n bá fi mí sí i, kí wọ́n má fi ẹranko kankan mọ́ mi lára, èèyàn ni kí wọ́n fi mí sílẹ̀ látòkè délẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ju òkè yẹn lọ.

Nǹkan ò fẹ́ dọ́gba níbí. Ìyẹ̀fun ti wọ́n, bàtà bàbá rẹ ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí ìrìn, ó sì ti ń bọ́ àwọn ọmọ ológbò ní búrẹ́dì mi. Bá wa wá nǹkan kékeré fi ránṣẹ́, ohun tí agbára rẹ bá ká. Tó bá jẹ́ Ewúrẹ́-pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń sanwó fún, tí kì í ṣe ìwọ, bẹ̀ ẹ́ kó ṣàánú wa, sọ fún un pé ilé la ti bí i.

Ọlọ́run á máa mú ọ lọ, á máa mú ọ bọ̀. Ohun tí o bá fọwọ́ yà, kó máa rìn. Ohun tí o bá fẹnu sọ, kó máa dé ibi tó ń lọ. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, olórí ológbò àti àwọn yòókù, mo kí gbogbo wọn.

Mo fẹ́ kí bàbá rẹ fọwọ́ sí lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Mo ti wá a dé yàrá, mo wá a dé ẹ̀yìnkùlé, mo bi aránṣọ. Kò sí nílé, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ náà ò sí. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó lọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.